Ogóje Wáàtì

"Ìránù! Ìránù gbáà ni èyí!"

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Ìyá Fílítà nìyẹn nígbà tó tú ìdérí ańpù èbúté, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn rédíò, tó rí ohun tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Kò pariwo o. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń bá sukudiráfà ọwọ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, torí inú tó ń bí i lọ́jọ́ náà ti kọjá èyí tí èèyàn ń fi ariwo gbé jáde. Akọ̀wé èbúté tó dúró lẹ́yìn ẹ̀ rọra fẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká tò ó kó lè yéni. Ìyá Fílítà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù rédíò tó wà ní kọ̀rọ̀, níbi tó kọjú sí omi. Bàbá wọn ló fi í sílẹ̀ fún wọn. Kì í ṣe rédíò tí èèyàn fi ń gbọ́ orin o. Èyí tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì fi ń dáhùn ni: ti ọkọ̀ ojú omi, ti panápaná, ti ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n ló ń gba iṣẹ́, òun ló ń bá oníbàárà ṣàwàdà, òun náà ló ń gun òpó lọ so áńtẹ́nà. Àbúrò ló ń jókòó ti tábìlì, tó ń wé wáyà bàbà, tó ń jó lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ra. Bí ẹ̀gbọ́n yìí bá ti so ańpù mọ́ mítà, ojú ẹ̀ kì í kúrò lára abẹ́rẹ́ mọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá fi wáàtì méjì péré gòkè, á pàtẹ́wọ́, á ní kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù wá wò ó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Wáàtì. Òun náà ló fi ṣe yẹ̀yẹ́ sọ àbúrò ẹ̀ ní Ìyá Fílítà, torí kò sí ańpù kan tí obìnrin náà á kàn tó máa jáde nílẹ̀ yẹn láìsí fílítà nídìí ẹ̀. Yẹ̀yẹ́ di orúkọ. Àwọn tó ń ti òdì kejì omi wá gan-an, òun ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kí ni fílítà já mọ́. Ó já mọ́ nǹkan o! Tiránsítọ̀ ló ń fún rédíò lágbára tí ohùn fi ń rìn jìnnà, àmọ́ tiránsítọ̀ kì í dúró síbi tí wọ́n rán an. Bí o bá yí rédíò sí nọ́ńbà mẹ́rin, tí o ní kó sọ̀rọ̀ lórí mẹ́rin, á sọ ọ́ lórí mẹ́rin lóòótọ́, á tún wá lọ máa sọ ìsọkúsọ lórí mẹ́jọ àti lórí méjìlá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò pè é sí. Bí o bá sì fipá rọ agbára sí i lẹ́nu ju bó ṣe lè gbà lọ, ìsọkúsọ náà á le sí i. Fílítà ni àwọn wáyà bàbà tí wọ́n wé róbótó-róbótó, tí wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àbájáde: ohun tó jẹ́ ti mẹ́rin, máa kọjá, ìyókù, padà sílé. Ohun tó wá ń sọ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ rédíò di òmùgọ̀ ni pé abẹ́rẹ́ mítà ò mọ ìyàtọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi àti ìsọkúsọ, àpapọ̀ wọn ló ń kà. Bí o bá yọ fílítà, abẹ́rẹ́ á gòkè, ìwọ náà á máa yọ̀ pé agbára ẹ ti pọ̀ sí i.

Orí mẹ́rin ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń lò. Orí méjìlá ni ti ilé ìwòsàn. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, mélòó nìyẹn? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé á dáhùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni Ìyá Fílítà parí ańpù èbúté. Tiránsítọ̀ méjì tó bára mu bí ìbejì ló fi sí i. Ọgọ́rùn-ún wáàtì ló jẹ́ kó máa jáde, kò jẹ́ kó lé ẹyọ kan, torí ó mọ̀ pé láti ibẹ̀ lọ wàhálà ló kù. Ó gbé rédíò mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó fetí sí mẹ́jọ, ó fetí sí méjìlá, kẹ́kẹ́ pa. Agbára tó mọ́ tónítóní. Ó de ìdérí, ó lọ sílé, ó sùn bí ẹni tó ṣiṣẹ́ ire.

Ní Sátidé, ọ̀rọ̀ yíwọ́. Ọkọ Ìyá Fílítà ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn láti àwọn abúlé òdì kejì wá sí ilé ìwòsàn. Òfin iṣẹ́ ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: kó tó dé, ó gbọ́dọ̀ pe ilé ìwòsàn lórí méjìlá nínú rédíò, kí dókítà, ibùsùn aláìsàn àti ẹ̀jẹ̀ ti máa dúró dè é létí omi. Lọ́jọ́ náà, obìnrin tó ń rọbí ló gbé, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀. Ìgbà tó gúnlẹ̀, kò sẹ́nì kankan létí omi. Ó sáré gun àtẹ̀gùn, ó ń lu géètì, ó ń pariwo, kí wọ́n tó rí dókítà tó wà lọ́wọ́ọ́dù, ìdajì wákàtí ti lọ. Ìyá là á já. Ọmọ ò là á já.

Ilé ìwòsàn ní awakọ̀ ò pè. Awakọ̀ ní òun pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ṣí ìwé tí nọ́ọ̀sì rédíò máa ń kọ ìpè sí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n dá ìpàdé sí Ọjọ́bọ̀. Bí ìpàdé yẹn bá lọ bó ṣe ń mú un lọ, wọ́n máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, orúkọ tó sì máa jẹ́ títí ayé ni awakọ̀ tó panu mọ́ tí ọmọ fi kú. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń wa ọkọ̀ yẹn.

Ohun tó gbé Ìyá Fílítà dé èbúté ní Ọjọ́rú nìyẹn. Ó mọ ọkọ ẹ̀. Ọkùnrin tó ń pe ilé bó bá máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ ni, ṣé aláìsàn ni kò wá ní pè lé lórí? Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn èbúté gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé èbúté ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ jìnnà tó fi fà á lọ sídìí mítà.

"Màmá, ẹ wá wo iṣẹ́ yín! Ogóje! Ọ̀gá Wáàtì fọwọ́ bà á ní Sátidé, ọgọ́rùn-ún fò di ogóje. Alága àwọn ọlọ́kọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó."

"Níbo ni ogójì yẹn ti wá?"

"Ẹ̀n?"

"Mo ní níbo ló ti wá? Tiránsítọ̀ méjì ni mo fi síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọn ò lè ti bímọ nígbà tó fi máa di Sátidé."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó fa sukudiráfà yọ.

Wọ́n ti gé fílítà. Wọn ò tú u jẹ́jẹ́ o, ẹ̀mú ni wọ́n fi gé e bí ẹni gé èékánná. Kọ́ìlì mẹ́ta tó fi odindi ọ̀sán kan wé, tó ń ka ìyípo wọn síta kó má baà ṣì í, ìsàlẹ̀ àpótí ni wọ́n dà wọ́n sí. Wáyà dúdú kan ṣoṣo ló wà nípò wọn, lẹ́ẹ̀dì rọ̀gọ̀dọ̀ méjì lórí ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jó lẹ́ẹ̀dì rọ̀gọ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo etí omi yẹn. Wọ́n sì tún ti yí agbára tó ń wọlé sí tiránsítọ̀ sókè títí tó fi dé òpin.

Ibẹ̀ ló ti sọ pé ìránù ni.

"Báwo ni wọ́n ṣe rí ogóje yẹn kà?" ó bi akọ̀wé. "Abẹ́rẹ́ kì í dúró lójú kan béèyàn bá ń sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ń súfèé ni. Tí wọ́n bá ti sú u gùn báyìí, abẹ́rẹ́ á dúró gbagidi."

Ó mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n àwọn oníṣẹ́ rédíò ni. Irú rédíò wọn yẹn, béèyàn bá tẹ bọ́tìnnì tí kò sọ̀rọ̀, nǹkan kan ò ní jáde. Bó bá sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ á máa jó sókè sódò. Bó bá súfèé láìdánudúró, á rí agbára ẹ̀rọ kà dáadáa. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ti tó fún onílàákàyè.

"Ṣé wọ́n sú u pẹ́?"

"Ẹ ò mọ Ọ̀gá ni? Bí aago mẹ́wàá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Alága ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá wò ó. Ẹni tó bá dé, wọ́n á tún sú u fún un. Wọ́n á lo ìdajì wákàtí."

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọkọ ẹ̀ kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn. Ìyá Fílítà jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. Ohùn ọkọ ẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tín-ín-rín, lórí rédíò kékeré inú ọkọ̀. Ilé ìwòsàn ò ju ìsọ̀kò òkúta mélòó kan lọ sí èbúté. Ohun tí ańpù tí kò ní fílítà ń tú dà sórí méjìlá nílé ìwòsàn yẹn, kò sí ohùn ọmọ aráyé tó lè gbà á kọjá.

Ó dìde. Ó kó kọ́ìlì mẹ́ta náà sápò.

"Ẹ pa á," ó sọ fún akọ̀wé. "Rédíò kékeré tẹ́ ẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Èyí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tàn án títí màá fi pè yín pé kẹ́ ẹ tàn án. Mi ò sì ní tún un ṣe. Bó ṣe wà yìí ni mo fẹ́ ẹ."

"Kí ló dé, màmá?"

"Ẹ ò ní pẹ́ gbọ́."

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá Wáàtì ń mu tíì, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà lórí àga.

"Ìyá Fílítà! Ìyá Fílítà ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ! Ibo lo ti..."

Kò kí i. Ó da kọ́ìlì mẹ́ta náà sílẹ̀ lórí tábìlì níwájú ẹ̀.

"Kí ni mo fi ṣe yín, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ọ̀gá Wáàtì wo kọ́ìlì, ó wo àbúrò ẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. "Háà, ìyẹn! Ṣé torí ìyẹn lo ṣe fajú ro? Fílítà yẹn ń jẹ wáàtì ni. Mo yọ ọ́ kí ẹ̀rọ lè mí. Alága fẹ́ ogóje, mo fún un ní ogóje."

"Kí ẹ̀rọ lè mí! Ẹ̀yin tí bàbá kọ́ níṣẹ́ yìí ṣáájú mi! Ìdọ̀tí ni fílítà yẹn ń jẹ, kì í ṣe wáàtì! Mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi, mélòó ni?"

"Kí ló wá kan mẹ́rin lọ́nà..."

Ẹnu ẹ̀ ò pa dé. Ó ti ṣírò ọ̀rọ̀ náà dé orí méjìlá. Ó gbé ife tíì sílẹ̀, tíì dà sórí tábìlì, kò nù ún. Ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ló tún mọ̀?" ó béèrè.

Ẹ gbọ́ ohun tó ti ẹnu àgbàlagbà jáde! Kò béèrè ọmọ tó kú. Kò béèrè ìyá ọmọ. Kò béèrè àna ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lé níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ta ló tún mọ̀! Orí Ìyá Fílítà gbóná débi pé ó ní láti fọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú kó má baà gbé nǹkan sọ lu ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Èmi mọ̀," ó ní. "Ṣé èmi ò tó èèyàn ni?"

"Àbúrò mi, fara balẹ̀. Fara balẹ̀, jọ̀ọ́. Wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù yìí. Wọ́n lè tì mí mọ́lé. Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di irin lẹ́ẹ̀dì mú? Nígbà tí bàbá ní obìnrin kì í ṣe rédíò, ta ló bá wọn jà títí tí wọ́n fi fún ẹ láyè lórí tábìlì yìí? Èmi ni. Èmi yìí ni."

Òótọ́ ni, ohun tó sì jẹ́ kó dùn ún wọra nìyẹn. Ká ní ọ̀dájú ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ láti ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ó gbé ojú kúrò lára ẹ̀.

"Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n," ó ní. "Àmọ́ mi ò ní tú yín. Ẹ̀yin lẹ máa dìde lọ́la, tẹ́ ẹ máa fẹnu ara yín sọ pé ẹ yọ fílítà, ẹ ò rò ó débẹ̀, àṣìṣe ni. Àṣìṣe ò pa èèyàn. Irọ́ ló ń pa á."

"Màá sọ ọ́."

"Tẹ́ ò bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi..."

"Mo ní màá sọ ọ́! Ṣé mo ti purọ́ fún ẹ rí ni?"

Ó ti purọ́ fún un rí dáadáa, àmọ́ lórí ohun kéékèèké. Ìyá Fílítà gba ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ọkọ ẹ̀ ń kun bàtà tó máa wọ̀ lọ sípàdé. Bàtà náà ti ń dán tipẹ́, kò dẹ́kun.

"Mo ti ń rò ó," ọkùnrin náà ní, kò gbójú sókè. "Bóyá mi ò tẹ bọ́tìnnì yẹn dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ọkọ̀, ọwọ́ mi ń yọ̀. Bóyá èmi ni mo rò pé mo pè."

"Dádì, ẹ pè."

"Kí lo fi mọ̀? O ò sí níbẹ̀."

"Mo ní ẹ pè! Ẹ má fi ẹnu ara yín gba ohun tí ẹ ò ṣe. Lọ́la, ẹnì kan máa sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀."

Ọkùnrin náà ò bi í pé ta ni ẹni náà. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí kun bàtà. Inú tún bí Ìyá Fílítà lọ́tun, torí wọn ò kàn fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀ nìkan, wọ́n ti jẹ́ kó máa ṣiyèméjì nípa ọwọ́ ara ẹ̀.

Yàrá tí wọ́n ti ṣe ìpàdé wà lókè ilé ìwòsàn. Fáànù ń yí, kò fẹ́ afẹ́fẹ́ kankan. Dókítà àgbà jókòó sídìí tábìlì gígùn, ìwé wà níwájú ẹ̀. Rédíò ilé ìwòsàn wà nígun yàrá náà, nọ́ọ̀sì rédíò jókòó tì í, ojú ẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ìyá obìnrin tó rọbí wà níbẹ̀, ìyá arúgbó kan tín-ín-rín, ó gbé báàgì lé itan, ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ọ̀gá Wáàtì náà wá, ó wọ aṣọ tó lọ̀ geere.

Awakọ̀ sọ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun ò gbọ́ ìpè kankan. Dókítà àgbà bi awakọ̀ bóyá ó dá a lójú pé ó tẹ bọ́tìnnì, awakọ̀ sì dákẹ́ pẹ́ jù kó tó ní ó dá òun lójú. Gbogbo èèyàn gbọ́ dídákẹ́ yẹn.

Ìyá Fílítà wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dìde, ó wúkọ́.

"Dókítà, ẹ̀yin àgbààgbà," ó ní, "mo ní ohun kan tí mo fẹ́ sọ, ó sì wúwo lẹ́nu mi."

Ìyá Fílítà mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ nínú ọkàn ẹ̀.

"Ańpù tuntun tó wà ní èbúté, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló dí ìpè yẹn lọ́wọ́. Iṣẹ́ àbúrò mi obìnrin tó jókòó yìí ni. Ó gbìyànjú o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ wíwé wáyà yẹn, ojú tó mú ni iṣẹ́ ẹ̀ ń fẹ́, obìnrin sì ní bùkátà nílé. Kò sẹ́ni tí kì í ṣi nǹkan ṣe. Mo wá bá a tọrọ àforíjì ni. Ẹ wo tèmi mọ́ ọn lára, ẹ fojú fò ó."

Ó forí balẹ̀ díẹ̀, ó jókòó. Àwọn kan nínú yàrá tiẹ̀ ń mi orí pé ẹ̀gbọ́n rere nìyí.

Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin! Ìyá Fílítà ò mọ ìgbà tó dìde. Ọkọ ẹ̀ nawọ́ láti fà á jókòó, ó gbọn ọwọ́ náà nù.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lo rédíò yín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ má gba ti ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ẹ gba etí yín gbọ́."

Ó tan rédíò ilé ìwòsàn, ó fi í sórí méjìlá, ó yí ohùn ẹ̀ sókè. Kẹ́kẹ́ pa. Ó fi fóònù pe akọ̀wé èbúté.

"Rédíò kékeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ súfèé sí i."

Sípíkà ò dún.

"Ó tó. Ẹ tan ańpù báyìí, bí mo ṣe ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ súfèé."

Ariwo tó jáde nínú sípíkà yẹn, awakọ̀ fọwọ́ bo etí. Ìfé ni, àmọ́ ó mú ju ìfé tí ẹnu èèyàn lè sú lọ, ó ń gún èèyàn létí bí abẹ́rẹ́.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sí i."

Ọ̀rọ̀ wọlé wúruwùru bí ìgbà tí pẹ́pẹ́yẹ ń jà. Ó ní kí akọ̀wé pa á. Kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, nọ́ọ̀sì rédíò ti fò dìde, ọwọ́ wà lórí.

"Òun nìyẹn! Dókítà, òun nìyẹn! Ohun tó ń dún ní Sátidé nìyẹn! Ó dún dún dún, kò dáwọ́ dúró, etí ń dùn mí, mo rò pé rédíò ló fẹ́ bàjẹ́, mo yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Mo yí i wálẹ̀! Ẹ̀rù ń bà mí ni mi ò ṣe sọ ọ́."

"Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n ní ọkọ mi ò pè," ni Ìyá Fílítà wí. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún.

Ó da kọ́ìlì mẹ́ta sórí tábìlì níwájú dókítà àgbà, ó ṣàlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ni fílítà tí mo wé. Ẹ wo ibi tí ẹ̀mú ti gé e. Ọgọ́rùn-ún wáàtì tó mọ́ ni mo fi sílẹ̀. Wọ́n gé e kí abẹ́rẹ́ lè ka ogóje. Wọ́n, wọ́n, ló ń wí. Pẹ̀lú gbogbo ìbínú yẹn, ẹnu ẹ̀ ò tíì lè pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Dókítà àgbà fọwọ́ kan kọ́ìlì kan, ó gbé e sílẹ̀. Ó yíjú sí awakọ̀.

"A ṣẹ̀ yín," ó ní. "Ẹ pè, àwa ni a ò gbọ́. Ẹ máa lọ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín."

Awakọ̀ tẹrí ba mọ́ àyà, èjìká ẹ̀ ń mì. Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, gbogbo èèyàn ì bá ti dìde. Ìyá arúgbó yẹn ni kò dìde.

"Ta ló ń súfèé?" ó béèrè.

"Màmá," dókítà àgbà rọra dáhùn, "ẹ̀rọ ni ó..."

"Ẹ̀rọ kì í súfèé. Ẹnu ni wọ́n fi ń sú u. Ọmọ mi sùn sínú ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń lọ lára ẹ̀, ọkùnrin yìí ń pe yín, ẹnì kan sì jókòó níbì kan tó ń súfèé. Mo ní ta ni?"

Ìyá Fílítà wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mi orí fún un pé kó má sọ, díẹ̀ báyìí, bó ṣe máa ń mi orí fún un ní kékeré bí wọ́n bá jọ fọ́ nǹkan tí bàbá ń bọ̀. Ìyá Fílítà tún dúró dè é kó dìde. Àní, ó ṣì dúró dè é! Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ò dìde, àbúrò la ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, màmá. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ alága rí abẹ́rẹ́."

"Ogójì tó lé yẹn, kí ni wọ́n fi ṣe?"

"Wọn ò fi ṣe nǹkan kan. Ọkọ̀ tó ń gbọ́ wọn tẹ́lẹ̀ náà ló ń gbọ́ wọn. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni."

Ìyá arúgbó gbé báàgì sílẹ̀. Ó rìn yí tábìlì gígùn náà ká, ó dúró síwájú Ọ̀gá Wáàtì. Kò ga dé èjìká ẹ̀.

"Ẹ sú u," ó ní.

"Mà?"

"Ti akọ̀wé ni mo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó wọlé dípò ohùn tó ń bá ọmọ mi tọrọ ẹ̀mí ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ sú u."

Ọ̀gá Wáàtì sún ètè pọ̀. Atẹ́gùn lásán ló jáde. Ó lá ètè, ó tún un ṣe, atẹ́gùn náà ni. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn ẹ̀ wọ inú aṣọ tó lọ̀ geere yẹn.

"Mò ń dúró dè yín," ìyá arúgbó ní.

Kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀. Dókítà àgbà ń wo ìwé ẹ̀. Ọ̀gá Wáàtì yíjú sí àbúrò ẹ̀, omi ti dé ojú ẹ̀.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́. Bá mi bẹ̀ wọ́n."

Ìyá Fílítà ò gbójú kúrò lójú ẹ̀.

"Ẹ sú u fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní.